Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọkàn: ṣé kí màmá máa sùn ni, àbí kí wọ́n máa rìn?

Ìbéèrè: Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún màmá wa, ẹni ọdún 56, ní Èkó; wọ́n fi fáàfù irin (ilẹ̀kùn kékeré tó ń darí ẹ̀jẹ̀ nínú ọkàn) pààrọ̀ èyí tó bàjẹ́. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ 5. Àwọn ẹbí ní kí wọ́n má kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọsibítù ní ká máa gbé wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn físíò (àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara) ní OOUTH, ọsibítù ńlá Yunifásítì Olabisi Onabanjo, ní Ṣàgámù, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Òkè-Àgbò, Ìjẹ̀bú-Igbó, la wà, owó ọkọ̀ sì ti ń wọ̀ wá lọ́rùn. Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀ ni? Ìgbà wo ni wọ́n lè padà sídìí gàrí?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ó tó bẹ́ẹ̀, ó sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dìde.

Fáàfù tuntun ti ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ láti orí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Ara tí àìsàn ti sọ di aláìlágbára ló kù, ìdùbúlẹ̀ ò sì lè tún un ṣe. Ẹni tó ń sùn ṣáá, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ á joro, ẹ̀jẹ̀ lè dì sí i lẹ́sẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró títí yóò fi di òtútù àyà.

Egungun àárín àyà ló nílò ìsinmi. Ayùn ni wọ́n fi là á, wáyà irin ni wọ́n fi dì í pa dà. Ó ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kó tó mú, nǹkan bí 12 kó tó le tán. Nítorí náà, apá ni kí ẹ máa ṣọ́, ẹ fi ẹsẹ̀ sílẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì olítà 5 tí omi kún jẹ́ kílò 5. Ohun tó bá wúwo tó yẹn, kí wọ́n má gbé e. Kò sí fífa omi kànga, kò sí pípọn ọmọ-ọmọ. Láti dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹsẹ̀ kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, kí ara wá tẹ̀lé e. Ẹ má fa ọwọ́ wọn láti gbé wọn dìde. Àánú ló ń mú kí àwọn èèyàn ṣe é, àyà ló sì ń pa lára. Bí ikọ́ bá ń bọ̀, kí wọ́n gbá pílò mọ́ àyà pinpin.

Lóru, tí ilé bá pa lọ́lọ́, ẹ lè gbọ́ kẹ́-kẹ́-kẹ́ lára wọn bí aago ara ògiri. Fáàfù irin ló ń pa dé, kò léwu. Ìgbà tí ìró yẹn bá ṣàdédé rọlẹ̀ ni kí ẹ sáré lọ sọ́sibítù, torí ẹ̀jẹ̀ lè ti dì mọ́ fáàfù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yíra tàbí wúkọ́, tí nǹkan dún kọ̀ láàárín àyà bí ẹni pé ó yẹ̀, egungun ni, kò tíì mú. Kí dókítà rí i lọ́jọ́ náà. Bákan náà ni bí egbò bá ń ṣọyún, bí ibà bá dé 38°C, tàbí bí ìwọ̀n ara bá fi kílò 2 lé láàárín ọjọ́ 3, èyí tó sábà máa ń jẹ́ omi.

Ìrìn: ìṣẹ́jú 5, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, níbi tó tẹ́jú, kí oòrùn tó mú. Ẹ fi ìṣẹ́jú 1 tàbí 2 kún un ní ọjọ́ méjì-méjì títí yóò fi di 30. Bí wọ́n bá ń rìn, kí wọ́n lè sọ̀rọ̀ geere. Bí èémí ò bá jẹ́ kí gbólóhùn kan parí, wọ́n ti yára jù. Ẹ má gbọ́kàn lé kíka ìlù ọkàn nìkan, torí àwọn oògùn kan ń fà á sẹ́yìn.

Kí wá ni físíò ń ṣe tí ẹ ò lè ṣe nílé? Wọ́n ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ kí màmá tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí wọ́n bá parí. Wọ́n á ní kí màmá rìn fún ìṣẹ́jú 6, wọ́n á ka iye mítà, ibẹ̀ ni wọ́n á ti mọ ìwọ̀n eré ìdárayá tó tọ́ sí wọn. Wọ́n á jẹ́ kí ara móoru díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì jẹ́ kó rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá dúró lójijì, ẹ̀jẹ̀ á rọ́ sí ẹsẹ̀, òòyì á kọ́ ọ. Ìtọ́jú físíò yìí sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ 12.

Nípa owó ọkọ̀, ẹ sọ ọ́ fún àwọn físíò gbangba. Ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kí ẹ wá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ eré ìdárayá ti ilé sílẹ̀, kí ẹ máa pa dà lọ lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Fún ẹni tí ewu rẹ̀ ò pọ̀, èyí tí wọ́n ń ṣe nílé lábẹ́ ìdarí físíò ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ ra ìwé kékeré kan: iye ìṣẹ́jú tí wọ́n rìn, ìfúnpá, ìwọ̀n ara.

Fáàfù irin ń béèrè warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, títí ayé. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá a dúró, kí wọ́n má sì ṣe mu àgbo tàbí Alabukun mọ́ ọn. Aspirin wà nínú Alabukun, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà láìdúró. Ẹ̀fọ́ ò di èèwọ̀, kó ṣáà má pọ̀ jù lọ́sẹ̀ yìí, kó wá di àwátì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ yọ eyín, kí oníṣègùn eyín kọ́kọ́ mọ̀ nípa fáàfù náà.

Gàrí: kí ọ̀sẹ̀ 12 kọjá, kí dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà fọwọ́ sí i. Wọ́n lè máa wọn ọjà fún oníbàárà ṣáájú ìgbà náà. Sísẹ́ àti yíyan ló le, torí apá ń lọ, apá ń bọ̀ fún wákàtí gbọọrọ. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú agbada kan ṣoṣo lóòjọ́, kí wọ́n jókòó sórí àga tó ga dé orúnkún dípò àpótí kúkúrú, níbi tí èéfín ò ti fẹ́ sí wọn lójú, kí ẹlòmíì sì máa bá wọn gbé àpò.