Èsì: Ibi tí ìyàwó àbúrò yín lè dé sí
Ẹ kú àníyàn, ẹ̀gbọ́n. Ẹ béèrè ibi tí ìyàwó àbúrò yín lè máa sùn nígbà tí wọ́n bá ń tọ́jú ọkọ rẹ̀, ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó fara gbọgbẹ́, àti bóyá owó àánú wà fún ilé tó gba kẹ̀kẹ́ arọ.

Kí ó tètè béèrè Fisher House, ilé tí ẹbí ọmọ ogun tó wà nílé ìwòsàn máa ń dé sí, nílé ìwòsàn náà. Zachary Fisher àti Elizabeth ìyàwó rẹ̀ ló dá a sílẹ̀ ní 1990. Owó ọrẹ ni wọ́n fi ń kọ́ ilé sítòsí ilé ìwòsàn àwọn ológun, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹbí. Ó wà nílé ìwòsàn ológun Amẹ́ríkà ní Landstuhl ní Jámánì pàápàá. Ẹ wo bí yóò ti rí lára àbúrò yín tó bá ń lajú rí ìyàwó rẹ̀ láràárọ̀!

Ní ti ilé tiwọn, àjọ aláàánú Homes for Our Troops ti ń kọ́ ọ láti 2004 fún àwọn tó fara pa gan-an lẹ́yìn ìkọlù September 11, 2001 ní Amẹ́ríkà, láìsí gbèsè ilé lọ́rùn wọn. Kíkọ́ ilé náà kì í yá o. Nítorí náà, kí wọ́n béèrè owó àtúnṣe ilé lọ́wọ́ VA náà, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ológun.