Ìlú Wo ni Onítẹ̀síwájú Jù ní Texas?

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Àbúrò mi ọkùnrin rí iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan tí ó ní ẹ̀ka ní Austin, Houston, Dallas àti Fort Worth, wọ́n sì ní kí ó mú ibi tí ó bá wù ú. Gbogbo ohun tí mo ń gbọ́ nípa Texas ni pé àwọn tí ó rọ̀ mọ́ àṣà àtijọ́ ló ni ibẹ̀, pé ẹgbẹ́ Republican ló ń ṣe ìjọba láti òkè délẹ̀. Ẹlòmíràn tún sọ fún mi pé ti Austin kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣé òótọ́ ni pé àwọn ìlú náà yàtọ̀ síra wọn, báwo sì ni ènìyàn ṣe lè fi wọ́n wéra? *Òǹkàwé yín, Òṣogbo.*

Ìdáhùn: Òótọ́ ni pé Texas wà lọ́wọ́ àwọn Republican. Láti ọdún 1976 tí Jimmy Carter ti borí níbẹ̀, kò tún sí ẹnikẹ́ni láti Democrat, ẹgbẹ́ tí àwọn onítẹ̀síwájú, ìyẹn àwọn tí ó fẹ́ àyípadà nínú àṣà àti òfin, sábà máa ń dìbò fún, tí ó díje fún ipò ààrẹ tí ó rí ìpínlẹ̀ náà mú, bẹ́ẹ̀ ni láti ọdún 1994, kò sí Democrat tí ó wọlé sí ipò kankan tí gbogbo ìpínlẹ̀ ń dìbò fún. Ṣùgbọ́n káńtì 254 ni ó wà níbẹ̀, èyí tí a lè fi wé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, àwọn tí ìlú ńlá wà nínú wọn kì í sì í bá ìyókù rìn lọ́jọ́ ìdìbò.

Ní ọdún 2020, ohun tí Joe Biden ti Democrat rí nínú ìbò ọgọ́rùn-ún ju 70 lọ ní Travis, káńtì tí Austin wà; ó tó nǹkan bí 67 ní El Paso, 65 ní Dallas, 58 ní Bexar tí San Antonio wà, àti 56 ní Harris tí Houston wà. Ní Tarrant tí Fort Worth wà, ìbò tí kò tó 2,000 ni ó fi ṣáájú Donald Trump, Trump sì gba káńtì náà padà ní ọdún 2024. Bí ó bá jẹ́ ìdáhùn kúkúrú ni ẹ fẹ́, Austin ló ṣíwájú, Fort Worth ló sì kẹ́yìn nínú mẹ́rin tí ẹ dárúkọ. Àmọ́ èmi kì í fi ìbò ààrẹ nìkan díwọ̀n ìlú, nítorí pé ẹgbẹ́ tí ènìyàn ń dìbò fún lè yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí ó gbà gbọ́, Houston sì ni ẹ̀rí rẹ̀ tí ó lágbára jù lọ tí mo mọ̀.

Ní ọdún 2009, àwọn ará Houston yan Annise Parker sípò méyọ̀, obìnrin tí kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni pé obìnrin ẹgbẹ́ òun ni òun ń bá gbé gẹ́gẹ́ bí tọkọtaya. Kò sí ìlú tí ó tóbi tó Houston ní Amẹ́ríkà tí ó ti ṣe irú rẹ̀ rí ṣáájú ìgbà náà, wọ́n sì tún dá a padà sípò lẹ́ẹ̀mejì. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìgbìmọ̀ ìlú ti ṣe òfin kan ní ọdún 2014 tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ léèwọ̀ níbi iṣẹ́, nínú ọ̀rọ̀ ilé gbígbé àti níbi tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀, yálà nítorí àwọ̀, ẹ̀sìn tàbí ọjọ́ orí, tàbí nítorí irú ẹni tí ènìyàn ń fẹ́ àti bóyá ó ka ara rẹ̀ sí ọkùnrin tàbí obìnrin. Àwọn olùṣọ́-àgùntàn, dúdú àti funfun, dìde sí i, ọ̀rọ̀ ta ni yóò máa wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin ni wọ́n sì fi ṣe ìpolongo. Nígbà tí ó di oṣù kọkànlá ọdún 2015, nǹkan bí 61 nínú ìbò ọgọ́rùn-ún ló ní kí wọ́n pa òfin náà rẹ́. Nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà ni Hillary Clinton ti Democrat borí ní Harris pẹ̀lú nǹkan bí 54. Lóòótọ́, àwọn tí ó jáde ní ọdún ààrẹ pọ̀ ju àwọn tí ó jáde ní 2015 lọ, síbẹ̀ ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló tẹ ìka sí ìbò méjèèjì láìrí ìjà kankan láàrin wọn. Ẹni tí ó bá ní ẹbí níbẹ̀ kò ní bá mi jiyàn. Àwọn ọmọ Yorùbá tí mo mọ̀ ní Houston ń dìbò Democrat nítorí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú àti nítorí ìyà tí ó ń jẹ ènìyàn dúdú, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan ìgbéyàwó tàbí oyún ṣíṣẹ́, ohun tí pásítọ̀ tàbí ààfáà bá wí ni abẹ gé.

Ti Austin yàtọ̀, nítorí níbẹ̀ ni ìbò lórí ẹgbẹ́ àti ìbò lórí ọ̀rọ̀ ti sábà máa ń bára mu. Nígbà tí gbogbo Texas dìbò ní ọdún 2005 pé kí ìwé òfin ìpínlẹ̀ ka ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin léèwọ̀, Travis nìkan ni káńtì tí ó kọ̀. Ní ọdún 2022, nǹkan bí 85 nínú ìbò ọgọ́rùn-ún ní Austin ló ní kí ọlọ́pàá yé mú ẹni tí ó gbé ìwọ̀nba igbó lọ́wọ́. Yunifásítì ńlá ìpínlẹ̀ tí ó wà láàrin ìlú náà wà lára ohun tí ó fà á, àwọn ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sì tún kó ọ̀dọ́ wá sí i. Síbẹ̀, George W. Bush ti Republican ló ṣáájú ní Travis ní ọdún 2000, àwọn ará Austin kan náà ló sì dìbò ní ọdún 2021 pé kí àwọn aláìnílé má ṣe pàgọ́ sí ìgboro mọ́. Sùúrù ará ìlú lórí òṣì tí wọ́n ń fojú rí lójoojúmọ́ ní ibi tí ó mọ.

Ní Dallas, 2006 ni àwọn Democrat gba ipò àwọn adájọ́ káńtì, tí ará ìlú ń dìbò yàn níbẹ̀, ọwọ́ wọn kò sì kúrò níbẹ̀ láti ìgbà náà. Méyọ̀ ìlú náà, Eric Johnson, wá kúrò nínú ẹgbẹ́ Democrat bọ́ sí Republican ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, kò sì pàdánù ipò rẹ̀, nítorí pé a kì í kọ orúkọ ẹgbẹ́ sínú ìwé ìdìbò ìlú ní Texas. Bí ènìyàn bá sì wa ọkọ̀ jáde ní Dallas lọ sí Floyd, níbi tí ìjọ Rìdíìmù kọ́ ibùdó ńlá rẹ̀ ti Àríwá Amẹ́ríkà sí, inú káńtì tí Trump ti ń borí pátápátá ni yóò bá ara rẹ̀.

Àwọn ìlú kékeré pàápàá kò rí bákan náà. Lubbock àti Amarillo jọ wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ àríwá ìwọ̀-oòrùn, Republican sì ni àwọn méjèèjì. Ní ọdún 2021, Lubbock dìbò pé oyún ṣíṣẹ́ di èèwọ̀ nínú ìlú. Ní ọdún 2024, wọ́n gbé òfin kan síwájú Amarillo tí ìbá jẹ́ kí ènìyàn lè pe ẹni tí ó ran obìnrin lọ́wọ́ láti gba ojú ọ̀nà ìlú náà lọ ṣẹ́ oyún ní ìpínlẹ̀ mìíràn lẹ́jọ́. Àwọn ará Amarillo kọ̀ ọ́, ní ọjọ́ kan náà tí wọ́n fi ìbò tí ó pọ̀ rẹpẹtẹ gbé Trump wọlé.

Nítorí náà, kí àbúrò yín kọ́kọ́ mọ ọ̀rọ̀ tí ó jẹ ẹ́ lógún, kí ó wá wo bí ìlú náà ṣe dìbò lórí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an. Kí ó sì bèèrè káńtì tí ilé tí ó fẹ́ gbà wà. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Austin tí ó gba ilé sí Round Rock ti bọ́ sí Williamson, káńtì tí Biden borí ní 2020 tí Trump sì gbà padà ní 2024. Ṣẹ́ríìfù, ìyẹn olórí ọlọ́pàá káńtì, ibẹ̀ àti agbẹjọ́rò ìjọba ibẹ̀ kì í ṣe ti Travis.

Ìbéèrè: Bí ìlú bá fẹ́ àyípadà tí ìjọba ìpínlẹ̀ kò sì fẹ́ ẹ, òfin ta ni yóò borí? *Òǹkàwé yín, Ìbàdàn.*

Ìdáhùn: Ti ìpínlẹ̀ ni. Ní ọdún 2014, àwọn ará Denton dìbò pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì yé fọ́ àpáta abẹ́ ilẹ̀ láti fa epo àti gáàsì jáde nínú ìlú àwọn. Kí ó tó pé ọdún kan, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ti ṣe òfin tí ó gba agbára náà lọ́wọ́ gbogbo ìlú. Ní ọdún 2018, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ní Texas fagi lé òfin tí Laredo fi ka àpò ọ̀rá léèwọ̀, ti Austin sì bá a lọ. Òfin mìíràn tí wọ́n ṣe ní ọdún 2023 ni èmi kà sí èyí tí ó le jù, nítorí pé ó kọ̀ fún ìlú láti ṣe òfin tí ó ré kọjá ti ìpínlẹ̀ lórí iṣẹ́, okòwò, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn. Lára ohun tí ó dojú kọ ni ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí Austin àti Dallas ní kí wọ́n máa fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ láàrin wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin kí wọ́n lè mu omi, nínú oòrùn Texas. Ìbò igbó tí mo mẹ́nu bà lókè náà kò bọ́: ní ọdún 2024, Ken Paxton, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀, gbé Austin àti ìlú mẹ́rin mìíràn lọ sí ilé ẹjọ́ nítorí irú òfin bẹ́ẹ̀.