Ṣé ìtanràn ni “forfeit”?

Rárá o, ẹ̀yin tí ẹ béèrè bóyá “ìtanràn” tàbí “pàdánù” ni ká fi túmọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí, “forfeit”. Ẹ kọ “pàdánù nítorí ẹ̀bi ẹni”. Ìtanràn ni owó tuntun téèyàn ń mú jáde láti san. Ti “forfeit” yàtọ̀: ohun tó ti wà lọ́wọ́ rẹ tẹ́lẹ̀, tàbí ẹ̀tọ́ rẹ, ló ń bọ́ lọ, bí owó àsansílẹ̀ ẹni tó yẹ àdéhùn.

Àmọ́ ó ní ìgbà tó yẹ ká lo ọ̀rọ̀ yìí:

1. Òfin tàbí àdéhùn ti sọ ọ́ ṣáájú.
2. Ẹni náà ló rú u. Tí olè bá gbé e, àdánù lásán nìyẹn.

Nínú bọ́ọ̀lù, ẹgbẹ́ tó bá kọ̀ láti wá sí pápá máa pàdánù ayò náà pẹ̀lú 3 sí 0 lábẹ́ òfin FIFA.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n ń fi “gbẹ́sẹ̀ lé” túmọ̀ “forfeit”. Ohun tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ṣì lè padà sọ́wọ́ olóhun tí ilé ẹjọ́ bá dá a láre. Èyí tó ti pàdánù kì í ṣe tirẹ̀ mọ́.