Pẹ́pẹ́yẹ odò tí ojú rẹ̀ kò funfun

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Bàrígà. Èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń wo àwọn pẹ́pẹ́yẹ odò tó ń súfèé létí ọ̀sà. Ojú àwọn kan funfun báláú, tàwọn mìíràn kò funfun. Mo sọ fáwọn ọmọ pé abo làwọn yẹn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́. Ó dùn mọ́ mi gan-an pé ẹ ń mú àwọn ọmọ wo ẹyẹ.

Kì í ṣe abo o. Akọ àti abo irú pẹ́pẹ́yẹ yìí ò yàtọ̀ síra ní àwọ̀. Olójú funfun yẹn làwa onímọ̀ ẹyẹ ń pè ní Dendrocygna viduata. Tó bá dàgbà tán, iwájú orí rẹ̀ á funfun dé ọ̀fun, ẹ̀yìn orí á dúdú, igẹ̀ á sì pọ́n bí obì. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ rẹ̀ kì í funfun bẹ́ẹ̀, àwọ̀ eérú ló máa ń ní, igẹ̀ rẹ̀ náà á sì ṣì ṣá. Àgbà pàápàá máa ń ki orí bọ ẹrẹ̀ wá oúnjẹ títí ojú á fi di pupa rúsúrúsú.

Ìdí nìyẹn tí n kì í fi gbára lé ojú. Ìhà rẹ̀, lábẹ́ apá, ni kí ẹ wò: ìlà wẹ́wẹ́ dúdú àti funfun ló tò síbẹ̀. Lára ọmọ kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn, àmọ́ ó wà níbẹ̀.

Irú mìíràn tó jọ ọ́ ni Dendrocygna bicolor. Orí, ọrùn àti ikùn rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ìlà dúdú kan gba ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ìhà rẹ̀ ò ní ìlà wẹ́wẹ́, ìyẹ́ gígùn tó fẹ́ẹ́ funfun ló wà níbẹ̀. Tó bá fò, funfun gbòòrò kan á hàn ní ìdí ìrù rẹ̀; ti viduata dúdú ni. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti ń parí. Súfèé viduata sì máa ń já sí mẹ́ta, ti bicolor sí méjì.

Àríwá ni bicolor pọ̀ sí, bíi irà Hadejia-Nguru ní Jigawa àti Yobe. Nítorí náà, ní Bàrígà, ọmọ viduata ni kí ẹ kọ́kọ́ rò.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa lọ. Ọ̀sà wà níhà ìlà-oòrùn yín. Láàárọ̀, oòrùn á ta sí yín lójú, gbogbo ẹyẹ á sì dúdú.

Ẹ jọ̀ọ́, káwọn ọmọ má sọ òkò lù wọ́n kí wọ́n lè fò. Ìgbà kan wà tí gbogbo ìyẹ́ tí wọ́n fi ń fò máa ń re lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò sì ní lè fò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èyí tó sáré wọ koríko lè má ṣàìsàn rárá. Alẹ́ ni wọ́n sábà máa ń jẹun; tí ilẹ̀ bá ń ṣú, àwọn tó lè fò á gbéra fúnra wọn, ẹ ó sì rí ìdí ìrù wọn.