Àtọ̀sí tó ń lọ tó ń bọ̀: kápúsù kẹ́mísìtì kò tó o

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ọmọ ọdún 23 ni mí, Ajégúnlẹ̀ ni mò ń gbé, iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mò ń kọ́. Ìgbà kẹta rèé tí ìtọ̀ ń ta mí bí ata, tí ọyún sì ń jáde lójú nǹkan ọmọkùnrin mi. Mo lo kápúsù tí wọ́n tà fún mi ní kẹ́mísìtì, ó lọ, ó tún padà. Ọ̀rẹ́bìnrin mi ní kò sí ohun tó ń ṣe òun. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ohun tí o sọ yìí jọ àtọ̀sí gan-an. Kì í ṣe àtọ̀sí ajá, èyí tí à ń kó nínú odò, tí ẹ̀jẹ̀ fi ń bá ìtọ̀ jáde.

Kòkòrò àtọ̀sí ti mọ tẹtirasáíkílìn, Ampiclox àti sípúró dunjú, wọn kì í sábà pa á mọ́. Tí èèyàn bá wá ra ẹyọ mẹ́ta péré torí owó, ọyún lè gbẹ, kòkòrò á sì wà níbẹ̀. Àgbo inú ọtí kò pa á rárá.

Ọ̀rẹ́bìnrin rẹ ló jẹ mí lógún jù. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní àtọ̀sí kì í rí àmì kankan. Kòkòrò náà lè máa gun òkè láti ẹnu ilé ọmọ, kó dé ọ̀nà tí ẹyin ń gbà kọjá, kó sọ ibẹ̀ di àpá, kí ọ̀nà dí pa. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni ìwọ lè ti máa gbà á padà. Má bi í pé ta ló kó o wálé. Kò sí àyẹ̀wò tó lè sọ ìyẹn. Sọ fún un pé kẹ́ ẹ jọ lọ.

Ẹ lọ sí Jẹ́nẹ́rà tó wà ní Ajeromi, tàbí ilé ìlera ìjọba tó sún mọ́ yín. Má tọ̀ fún wákàtí kan ṣáájú àyẹ̀wò, torí ìtọ̀ àkọ́jáde ni wọ́n nílò. Abẹ́rẹ́ ceftriaxone ni oògùn rẹ̀, mílígíráàmù 500 sí 1,000, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, nínú iṣan ìdí. Tí abẹ́rẹ́ tàbí kápúsù bá ti mú ara rẹ wú rí, sọ kí wọ́n tó gún un. Kílámídíà, àrùn mìíràn tí à ń kó nínú ìbálòpọ̀, sábà máa ń bá àtọ̀sí rìn, nítorí náà wọ́n lè fi doxycycline kún un: mílígíráàmù 100 láàárọ̀, 100 lálẹ́, fún ọjọ́ 7 gbáko. Fi omi púpọ̀ gbé e mì, má sì dùbúlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí ó ń jó ọ̀nà ọ̀fun. Tí ọ̀rẹ́bìnrin rẹ bá lóyún, kò gbọ́dọ̀ lo doxycycline. Azithromycin ni wọn yóò fún un.

Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ̀yin méjèèjì gba ìtọ́jú, àti ẹnikẹ́ni tí ẹ bá sùn láàárín 60 ọjọ́ sẹ́yìn. Kò sí ìbálòpọ̀ fún ọjọ́ 7 lẹ́yìn náà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà nìyí.

Ẹ ṣe àyẹ̀wò HIV, sífílísì àti mẹ́dọ̀wú B lọ́jọ́ náà. Ọ̀fẹ́ ni ti HIV nílé ìwòsàn ìjọba, àtọ̀sí sì máa ń ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹ padà wá ṣe àyẹ̀wò lẹ́yìn oṣù 3. Tí ọyún bá ṣì ń jáde ní ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn ìtọ́jú, padà sí ilé ìwòsàn, má ra kápúsù mìíràn. Tí kórópọ̀n rẹ bá wú, tàbí tí abẹ́ ikùn bá ń dun ọ̀rẹ́bìnrin rẹ pẹ̀lú ibà, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ.

Lẹ́yìn náà, kọ́ńdọ̀mù. Má tọ́jú rẹ̀ sínú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò, ooru á bà á jẹ́. Má fi òrí, òróró tàbí Vaseline pa á, wọ́n ń mú rọ́bà rẹ̀ ya.