Iyán Loúnjẹ, Ọkà Loògùn? Ìbéèrè Yín Lórí Ìtọ̀ Ṣúgà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ fún bàbá àwọn ọmọ mi pé wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà ni mo ti lé iyán, ẹ̀bà àti ìrẹsì kúrò nílé. Àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Síbẹ̀, nígbà tí a yẹ ṣúgà wọn wò láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kí wọ́n tó jẹun, 214 ni ẹ̀rọ gbé jáde. Àbí àwọn tó ń ta èlùbọ́ ti po láfún mọ́ ọn ni?
Ìyá Ìbejì, Ọjà Ọba, Àkúrẹ́

Ìdáhùn: Wọ́n lè po láfún mọ́ ọn lóòótọ́, àmọ́ bó bá tilẹ̀ jẹ́ ojúlówó èlùbọ́, ṣúgà bàbá ṣì lè gòkè. Sítáàṣì ló kún inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú tí a sá gbẹ tí a sì lọ̀: nínú gíráàmù 100 èlùbọ́, ó máa ń tó nǹkan bí 75. Sítáàṣì yìí ló ń di ṣúgà lẹ́yìn tí a bá jẹun tán. Lílọ̀ tún dá kún un, torí ohun tó kúnná kì í pẹ́ dà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú tí a sè lódindi máa ń falẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wíìtì tí wọ́n ń rò bí àmàlà, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Àwọn àgbà ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn. Òwe nìyẹn, kì í ṣe ìwé dókítà.

Ìyá Ìbejì, ẹ dá iyán padà sílé. Bó ṣe máa pọ̀ tó nìkan ni kí ẹ ṣọ́. Ẹ ní kí bàbá di ẹ̀ṣẹ́: iyán, àmàlà, ẹ̀bà tàbí púpurú tó bá wà níwájú wọn kò gbọdọ̀ ju ẹ̀ṣẹ́ yẹn lọ. Abọ́ ọbẹ̀ ni kó tóbi ju ti òkèlè. Kí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ tàbí wòròwó gba ìdajì oúnjẹ náà, kí ẹja tàbí ẹran tí kò lọ́ràá gba ìdá kan nínú mẹ́rin. Nílẹ̀ wa, ìkẹyìn la máa ń fi ẹran sí. Kí bàbá yí i padà: kí wọ́n ti jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja díẹ̀ kí òkèlè àkọ́kọ́ tó wọlé, torí èyí kì í jẹ́ kí ṣúgà fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Láàárọ̀, ẹ̀wà tàbí mọ́ínmọ́ín sàn ju òkèlè lọ.

Ní ti 214 yẹn, ẹ má tíì dá oúnjẹ nìkan lẹ́bi. Fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí bàbá bá fẹ́ sùn àti nígbà tí wọ́n bá jí. Bó bá ti ga kí wọ́n tó sùn, oúnjẹ alẹ́ ló pọ̀ jù tàbí ló pẹ́ jù. Bó bá jẹ́ pé 140 ni wọ́n fi sùn tó sì di 200 lóòwúrọ̀, ẹ̀dọ̀ ló ń tú ṣúgà sílẹ̀ ní ìdájí, oògùn ni dókítà máa tún wò. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ pẹ̀lú aago, kí ẹ mú ìwé yẹn dání lọ bá a. Ohun tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń lé ni 80 sí 130 kí wọ́n tó jẹun, kó má sì tó 180 ní wákàtí méjì lẹ́yìn òkèlè àkọ́kọ́. Fún arúgbó, dókítà lè sọ pé kó ga díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí bàbá fi ọṣẹ fọwọ́ kí wọ́n tó gún ìka, kí ọwọ́ sì gbẹ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ọsàn tán, omi ọsàn tó kù lórí ìka rẹ̀ lè mú kí ẹ̀rọ pe nọ́ńbà tí kò sí nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ orí ìka ni kí wọ́n gún, ibẹ̀ kì í dunni tó àárín.

Ọkọ̀ ni mo ń wà láti Oǹdó sí Àkúrẹ́. Aago márùn-ún ìdájí ni mo ń lo glibenclamide, oògùn ìtọ̀ ṣúgà mi, ó sì máa ń tó aago mọ́kànlá kí n tó jẹun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, òógùn bò mí, ojú mi ń ṣú. Wọ́n ní ṣúgà ló gòkè, pé kí n mu omi ewúro.
Awakọ̀, Oǹdó

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, gbogbo àmì tí ẹ kà yìí, ti ṣúgà tó já wálẹ̀ ni. Omi ewúro kọ́ ló kàn. Ẹ jẹun o, ẹ ò jẹun o, glibenclamide á máa ti ara láti tú ínsúlíìnì, èròjà ara tó ń fa ṣúgà wálẹ̀, jáde. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ páàkì lójú ẹsẹ̀. Ẹ po ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́ta mọ́ omi kí ẹ mu ún, tàbí kí ẹ mu mínírà ìdajì ife, kì í ṣe èyí tí kò ní ṣúgà. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá tíì tó 70, ẹ tún un ṣe. Ẹ má fi mítì páì bẹ̀rẹ̀, ọ̀rá inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ṣúgà tètè wọ ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn tó bá ti gòkè, ẹ wá jẹun gidi, kí ẹ sì sinmi fún ìṣẹ́jú 45 kí ẹ tó di sítíárì mú. Oògùn yìí máa ń pẹ́ lára, ó tún lè fà á wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ náà.

Láti ọ̀la, pẹ̀lú oúnjẹ àkọ́kọ́ ni kí ẹ máa lò ó, kí ẹ sì sọ fún dókítà yín lọ́sẹ̀ yìí bí iṣẹ́ yín ṣe rí. Oògùn mìíràn wà tí kì í fa irú èyí. Ẹ fi ṣúgà sínú ọkọ̀, kí kọ̀ndọ́kítọ̀ sì mọ ibi tó wà. Bí ẹ bá dákú, kí ó má rọ nǹkankan sí yín lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni kó gbé yín lọ.

Ṣé oyin sàn ju ṣúgà lọ?
Ìyá Adé, Àkúrẹ́

Ìdáhùn: Rárá. Ṣúgà tó wà nínú ṣíbí tíì oyin kan tó gíráàmù 6, ti ṣúgà funfun kò ju 4 lọ.

Ọsàn ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ ẹyọ kan, kí ẹ jẹ ẹran ara rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má fún un sínú ife: ọsàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló máa lọ sí ife kan, hàhá rẹ̀ ni ẹ sì máa dà nù.