91 ti ara táńkì yẹn kì í ṣe 91 tiwa

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire ọkọ̀ o, ẹ ó lò ó pẹ́. Ẹ ní Benz C300 tòkunbọ̀ lẹ rà, pé wọ́n kọ 91 sára ọmọrí táńkì rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ọ́kítéènì, bí epo ṣe lè fara dà á tó kó má gbaná fúnra rẹ̀, ẹnì kan sì ti fi yín lọ́kàn balẹ̀ pé 91 náà ni epo Nàìjíríà, kò séwu. Ẹ má dá a lóhùn. Amẹ́ríkà ni ọkọ̀ yẹn ti wá. Ìdánwò méjì ni wọ́n ń ṣe fún epo lọ́hùn-ún, RON (ti ẹ́ńjìnì tí kò ṣiṣẹ́ líle) àti MON (ti èyí tó ń ṣiṣẹ́ líle). Wọ́n á ro méjèèjì pọ̀, wọ́n á pín in sí méjì, èyí tó bá jáde ni wọ́n ń kọ sára ẹ̀rọ epo. RON nìkan ni àwa ń kà níbí. 91 tiwọn yẹn súnmọ́ 95 tí wọ́n ń rà ní Lọ́ńdọ̀nù. 91 tiwa ò ju 87 wọn lọ, epo gbáàtúù ni lọ́dọ̀ wọn.

Ọ̀rọ̀ epo yìí ni mẹkáníìkì tèmi kò mọ̀, tí kò sì gbà pé òun ò mọ̀. Jíìpù tọ́bò ni tèmi, èyí tó ní ohun tó ń ti atẹ́gùn wọ ẹ́ńjìnì. L'Ékòó tó tẹ́jú, kò sí wàhálà. Mo wá kó ìyàwó, ọmọ àti àpò ìrẹsì, ó di ọ̀nà Adó-Èkìtì. A bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè Ẹfọ̀n, AC ń fẹ́, mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ni mo bá gbọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, bí ìgbà tí èèyàn ń mi ìṣó nínú agolo. Mo yọ ẹsẹ̀, ó dákẹ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Gáréèjì ńlá ni mo gbé e lọ nígbà tí a padà dé, ibi tí gbogbo wọn ti ń wọ yunifọ́ọ̀mù. Wọ́n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ariwo ò lọ. Wọ́n pààrọ̀ kọ́ìlì, kò lọ. Ọ̀gá wọn nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní ẹ́ńjìnì ti kú, kí n lọ wá owó ẹ́ńjìnì Bẹ́ljíọ̀mù, ìyẹn tòkunbọ̀. Ẹ́ńjìnì tó ń gbé mi lọ gbé mi bọ̀! Kò sẹ́ni tó fi sikáánà, ẹ̀rọ tó ń ka àìsàn ọkọ̀, sí i nínú gbogbo wọn. Ọmọkùnrin rewáyà kan ládùúgbò wa ló fi tiẹ̀ sí i, ó ní kí n máa wà á lọ kí òun máa wo ojú ẹ̀rọ. Bí mo bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tó ni bréènì bọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ń fa iná púlọ́ọ̀gì sẹ́yìn tó, kó má tètè ṣáná. Ó ní epo ni, pé ó ń gbaná fúnra rẹ̀, òun ló ń pariwo yẹn. A fa díẹ̀ nínú táńkì, ó kán an sórí bébà funfun. Bẹntiróòlù gidi á gbẹ lọ ni. Èyí gbẹ tán, ó fi ojú òróró sílẹ̀ lórí bébà. Dísù ti wọ inú rẹ̀. Dísù díẹ̀ tó láti já ọ́kítéènì wálẹ̀ gidi. Mo mú ẹjọ́ lọ sí ọ́fíìsì tó yẹ kó máa mójú tó àwọn ilé epo, akọ̀wé ò tiẹ̀ gbójú sókè, ó ní rìsíìtì epo dà. Ta ló ń gba rìsíìtì epo nílẹ̀ yìí?

Ẹ má rò pé ọ́kítéènì ni dídára epo o. Bí epo ṣe lè fara da ìfúnpọ̀ tó láìjẹ́ pé ó gbaná fúnra rẹ̀ ni nọ́ńbà yẹn ń sọ, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé ẹ rántí epo oníkẹ́míkà oṣù kejì ọdún 2022, tí mẹtánọ́ọ̀lù, irú ọtí kẹ́míkà kan, pọ̀ jù nínú rẹ̀? Ọ́kítéènì mẹtánọ́ọ̀lù ga fíofío, síbẹ̀ ó ń jẹ rọ́bà, ó sì ń fa omi mọ́ra.

Ẹ sì sá fún àwọn tó ń ju káńfọ̀ sínú táńkì, ìnjẹ́kítọ̀ ni yóò gbà á fún yín. Ti octane booster inú ìgò ńkọ́, èyí tí wọ́n ń dà sínú epo kí ọ́kítéènì lè ga? Tí wọ́n bá kọ "10 points" sí i, ẹyọ kan péré nìyẹn nínú nọ́ńbà ọ́kítéènì, láti 91 sí 92. Èyí tó ní mánganíìsì nínú tún máa ń kun orí púlọ́ọ̀gì ní pupa.

Ẹ̀yin náà ò kọ ọdún ọkọ̀ yín. Tó bá jẹ́ 2014 wá sẹ́yìn, V6 (ẹ́ńjìnì onísílíńdà mẹ́fà) tí kò ní tọ́bò ni, bréènì bọ́ọ̀sì á bá yín ṣètò rẹ̀, á kàn wúwo lẹ́sẹ̀ díẹ̀, á sì máa mu epo sí i. Ẹ ra epo níbi tí ọkọ̀ ń pọ̀ sí, púlọ́ọ̀gì gidi, kí rédíétọ̀ má gbóná, ó tán. Tó bá jẹ́ 2015 sókè, tọ́bò ni, ẹ ṣọ́ra. Tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ gun òkè pẹ̀lú ẹrù, ẹ pa AC, ẹ fa jíà wálẹ̀ kí ẹ́ńjìnì lè sáré, tẹ́ ẹ bá sì gbọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ yẹn, ẹ yọ ẹsẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn yín á fọn fèrè títí ni.